Ọpẹ́rà òde òní látinú ilé: etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọpẹ́rà òde òní, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, irú èyí tí wọ́n ṣe kí òǹwòran lè jókòó sílé kó sì dà bíi pé àárín àwọn akọrin ló wà, etí lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó fi tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà wò ó, tó wá fi sípíkà pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbọ́ ọ, ìdajì eré ló rí. Ẹni tó fi fóònù wò ó pẹ̀lú íàpíìsì tó ní wáyà, tí kò sì wọ́n, ti jèrè ju onítẹlifíṣọ̀n lọ. Torí ẹ̀ la ò ṣe ní fi àwòrán bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mọ̀ pé oríṣi mẹ́ta ni ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ kan náà. Àkọ́kọ́ ni eré orí ìtàgé tí wọ́n fi kámẹ́rà gbà sílẹ̀ tí wọ́n wá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fóònù, kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù. Ìkẹta ni ti VR, tẹ́ ẹ máa gbé awò ńlá wọ ojú. Bí ìpolówó bá ní ẹ máa wà nínú eré gan-an, ẹ kọ́kọ́ wádìí èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, torí irinṣẹ́ tí ọ̀kan ń fẹ́ kọ́ ni èkejì ń fẹ́.

Fún oríṣi àkọ́kọ́, OperaVision la máa ń júwe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀, owó ètò Creative Europe ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà nídìí ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ilé ọpẹ́rà káàkiri Yúróòpù ló ń gbé eré síbẹ̀, ti àtijọ́ àti tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń wà níbẹ̀ fún bí oṣù 6 kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìtumọ̀ ń sáré nísàlẹ̀ ní èdè mélòó kan. Èèyàn lè gbọ́ orin ẹni tí kò mọ̀ rí láìná owó, tí kò bá sì wù ú, kó pa á. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló ń yan ohun tẹ́ ẹ máa wò fún yín, ohùn náà sì sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀tún-òsì lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú fèrèsé, ẹ̀ ń yọjú wo inú ilé. Máàkì 7 nínú 10 la fún un, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì jẹ́ torí pé ọ̀fẹ́ ni.

Oríṣi kejì ló dáa jù, ó sì yà wá lẹ́nu pé òun ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo ẹ̀. Lọ́dún 2015, Michel van der Aa, ọmọ Nẹ́dálándì tó ń ṣàkọsílẹ̀ orin, gbé The Book of Sand jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkójọ orin ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní ọpẹ́rà, àmọ́ ọ̀nà tó là ni ọ̀pọ̀ ọpẹ́rà inú ilé ń tọ̀. Kate Miller-Heidke láti Ọsirélíà ló ń kọrin. Fídíò mẹ́ta ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbàkígbà tó bá sì wu òǹwòran ló lè fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Orin kì í dúró dè é. Ohun tẹ́ ẹ bá yàn lẹ máa rí. Ìyókù ti kọjá lọ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba irú eré bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ara wọn rèé: ọwọ́ wọn kì í sinmi. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún níbí, mẹ́ta lọ́hùn-ún, wọ́n á fò bíi tata, tó bá parí wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ mú fídíò kan, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi parí. Orin á ti wọ̀ yín létí. Nígbà kejì ni kẹ́ ẹ wá máa fò, ibi tí orin bá ti yí padà ni kẹ́ ẹ sì ti fò, kì í ṣe ibi tí àwòrán ti sú yín.

Ti ẹgbẹ́ ọpẹ́rà Boston Lyric Opera ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní desert in, tó jáde lọ́dún 2021, gba ọ̀nà míì: wọ́n gé e sí apá kéékèèké 8 bíi fíìmù alápá-lápá orí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí nǹkan tí òǹwòran máa tẹ̀. Síbẹ̀ gígùn apá kọ̀ọ̀kan bá bí etí ṣe ń rẹ èèyàn nílé mu, torí etí inú hẹ́dífóònù máa ń tètè rẹ̀ ju etí inú gbọ̀ngàn lọ. Apá méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ kan ti tó. Oríṣi kejì yìí gba 9.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ etí.

Hẹ́dífóònù nínú irú eré yìí kì í ṣe nǹkan àfikún. Lọ́dún 2013, nígbà tí ẹgbẹ́ The Industry ṣe Invisible Cities ti Christopher Cerrone ní Union Station, ibùdókọ̀ ojú irin ní Los Angeles, hẹ́dífóònù ni wọ́n gbé kọ́ gbogbo òǹwòran létí. Àwọn akọrin ń rìn láàárín àwọn arìnrìn-àjò, ohùn wọn sì ń dún létí òǹwòran bíi pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ohun kan náà ni wọ́n ń gbìyànjú láti gbé wá sílé yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n ní orí àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Neumann KU 100 wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ó ní etí méjì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan sì wà nínú etí kọ̀ọ̀kan. Bí akọrin bá dúró lápá òsì orí náà, ohùn ẹ̀ á kan etí òsì ṣáájú ti ọ̀tún. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò ju nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 0.7 lọ, àmọ́ ọpọlọ ń kà á, òun ló sì fi ń mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi sípíkà gbọ́ ohùn yẹn, etí ọ̀tún á máa gbọ́ ti òsì, ti òsì á máa gbọ́ ti ọ̀tún, àlàfo á sì dàrú. Akọrin tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ọrùn yín á di ohùn rédíò.

Hẹ́dífóònù tó bo etí mọ́lẹ̀ ló dáa jù. Kò pọn dandan kó wọ́n. Ohun tó pọn dandan ni kó ní wáyà. Bluetooth máa ń dá ohùn dúró, ó lè tó mílísẹ́kọ́ńdì 100 sí 300 kó tó dé etí. Nínú fídíò lásán, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fa àwòrán sẹ́yìn kí méjèèjì lè bára mu. Ṣùgbọ́n nínú eré tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀ tàbí tó ń yí orí sí, ẹ̀rọ ò lè fa ọwọ́ yín sẹ́yìn: ẹ ti fò, àwòrán ti yí, ohùn ṣì wà níbi àná.

Èyí tó burú jù lọ́wọ́ Bluetooth kò ní í ṣe pẹ̀lú ìdádúró, àwọn tó ń ta eré kì í sì í sọ ọ́. Àwọn eré kan máa ń béèrè pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn lo gbohùngbohùn yín, kẹ́ ẹ lè dá akọrin lóhùn tàbí kẹ́ ẹ mí sí i. Bẹ́ ẹ bá ti gbà, tó sì jẹ́ ti inú íàpíìsì Bluetooth náà ni ẹ̀rọ ń lò, ọ̀pọ̀ íàpíìsì á yí sí ipò tí wọ́n fi ń gba ìpè. Ohùn á di ti tẹlifóònù: ọ̀tún àti òsì á pa pọ̀ di ọ̀kan, ohùn òkè á lọ, ọ́kẹ́sítírà á máa dún bíi pé inú agolo ni wọ́n wà. Àwọn èèyàn á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, wọ́n á máa pa Wi-Fi, wọ́n á máa tàn án. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ wọ ibi ètò ohùn nínú kọ̀ǹpútà, ẹ yan gbohùngbohùn ara kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, ohùn á padà sípò láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ kúkú lo wáyà.

Nǹkan mẹ́ta míì wà tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mono Audio wà lábẹ́ Accessibility nínú fóònù àti nínú Windows. Tó bá wà ní títàn, etí méjèèjì á máa gbọ́ ohun kan náà, gbogbo iṣẹ́ orí àtọwọ́dá yẹn ti ṣòfò. Ẹni tó ń fi etí kan ṣoṣo gbọ́ ìpè lè ti tàn án látọjọ́ tó ti pẹ́, kó ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń ṣe ohùn ní àrà: Spatial Audio, Windows Sonic, Dolby Atmos, àti èyí tó ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ṣe ohùn yẹn ní oníhà-gbogbo kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹ̀rọ yín bá tún un ṣe, á dà bí ìgbà tí èèyàn wọ awò sórí awò. Ẹ̀kẹta, ẹ rí i pé L wà ní òsì, R wà ní ọ̀tún. Ó jọ ọ̀rọ̀ àwàdà, àmọ́ tí akọrin bá ń ti ọ̀tún wọlé lójú tó ń dún lósì létí, orí á máa fọ́ yín láìmọ ìdí.

Ní ti bí ohùn ṣe máa lọ sókè tó, ibi tó dún jù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ọpẹ́rà òde òní ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí tàbí ohùn ìsàlẹ̀ tí kò ju ariwo fáànù lọ. Àwọn èèyàn á yí ohùn sókè pátápátá, nígbà tó bá di ìṣẹ́jú kẹrin obìnrin olóhùn òkè á ké, wọ́n á fa hẹ́dífóònù já létí. Ẹ fò lọ sí àárín fídíò, ẹ wá ibi tó le, ẹ yí i síbi tó tẹ́ yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ padà síbẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi dandan lo tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa Night Mode ohùn, torí ṣe ló máa tẹ ariwo àti wúyẹ́wúyẹ́ pọ̀ sí ìwọ̀n kan.

Ọ̀rọ̀ VR kò pọ̀ lẹ́nu wa. Ilé iṣẹ́ Royal Opera House ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe Current, Rising lọ́dún 2021, orin Samantha Fernando, kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Irish National Opera ṣe Out of the Ordinary ní 2022, orin Finola Merivale, bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣàkíyèsí iye ìṣẹ́jú yẹn: àwọn tó mọ iṣẹ́ náà gan-an ò jẹ́ kó gùn, torí awò wúwo, òòyì sì ń kọ́ èèyàn. Ti Lọ́ńdọ̀nù ò tiẹ̀ jẹ́ ti inú ilé. Ilé eré ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ọpẹ́rà VR oníwákàtí méjì fún yín láti wò nílé, ẹ rọra.

Ìṣòro tó wà nídìí ẹ̀ ni ojú akọrin. Fídíò 360, èyí tó yí èèyàn ká, tí wọ́n pè ní 4K ní pixel 3840 ní ìbú, ìyẹn àwọn àmì tín-tìn-tín tó para pọ̀ di àwòrán, àmọ́ gbogbo àyíká yín ni wọ́n pín in yí ká. Ohun tó bá wà níwájú yín lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n 90 nínú 360, kò ju pixel 960 lọ. Bí akọrin bá dúró ní mítà 4 sí kámẹ́rà, gbogbo ojú ẹ̀ láti etí dé etí ò ju bíi pixel 24 lọ. Pixel 24! Ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́rà tí èèyàn ò rí ẹnu ẹni tó ń kọ ọ́, kí la fẹ́ wọ inú ẹ̀ ṣe? Èyí tí kọ̀ǹpútà yà látòkè délẹ̀ sàn ju èyí tí kámẹ́rà gbà lọ, torí ìyẹn kì í gbára lé pixel fídíò.

Bẹ́ ẹ bá ti ní awò VR nílẹ̀, ẹ wa fídíò náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹ má wò ó látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìṣẹ́jú 20 ní 50 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára tó) jẹ́ bíi GB 7.5, ẹ wá àyè sílẹ̀ fún un. Ẹ jókòó sórí àga tó ń yí, ẹ má lo kúṣìn, torí ọrùn nìkan ò lè yí dé ẹ̀yìn. Ẹ ṣe àlàfo awò méjèèjì kó bá ojú yín mu. Awò VR tí wọ́n ń pè ní Quest 2 ní ibi mẹ́ta tí èèyàn lè gbé e sí, mílímítà 58, 63 àti 68. Tí ọ̀rọ̀ bá ń rí bàìbàì láìka bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tí kámẹ́rà bá ń rìn nínú eré, tí ara yín sì jókòó, òòyì lè dé. Ẹ yọ awò kíá, ẹ má fi agídí dúró dè é. VR nínú ilé gba 5, fún àwọn eré kúkúrú nìkan.

Àwọn eré tó ń lọ lójú ẹsẹ̀ láti ibi púpọ̀ ní wàhálà tiwọn. Bí akọrin méjì bá wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohùn ọ̀kan á pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, tí ìpẹ́ náà bá sì ti kọjá bíi mílísẹ́kọ́ńdì 30, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn, orin á sì máa lọ́ra. Ẹgbẹ́ ọpẹ́rà White Snake Projects ti Boston kojú èyí nínú Alice in the Pandemic lọ́dún 2020, pẹ̀lú sọ́fítíwíà tó ń bá wọn ṣètò àwọn ìpẹ́ náà. Ìyẹn iṣẹ́ tiwọn. Tiyín ni láti mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ pè ní ojú ẹsẹ̀ máa ń fi bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30 gbẹ́yìn. Tí eré bá ń dúró, tí àmì ìdúródè wá ń yí lójú fèrèsé fídíò, ẹ má tẹ bọ́tìnì ìsọdọ̀tun léraléra. Ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó kù láti 1080p sí 720p, ohùn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wáyà láti ráútà sí kọ̀ǹpútà sàn ju Wi-Fi lọ. Tó bá jẹ́ Wi-Fi ni, 5 GHz ń yára ṣùgbọ́n ògiri ń dá a dúró, 2.4 GHz ń la ògiri kọjá àmọ́ kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ní ti dátà, wákàtí kan ní 5 Mbps ń jẹ GB 2.25, 4K ní 25 Mbps ń jẹ ju GB 11 lọ. Fún ọpẹ́rà, owó 4K ò jọ wá lójú.

Ẹ ṣọ́ aago náà. Yúróòpù ń yí aago wọn síwájú tàbí sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù March àti October, Amẹ́ríkà ń yí tiwọn ní Sunday kejì oṣù March àti Sunday àkọ́kọ́ oṣù November. Láàárín àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, wákàtí tó wà láàárín Boston àti Berlin kì í rí bó ṣe máa ń rí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹ tàn án, kódà bó bá jẹ́ èdè tẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa ni wọ́n fi ń kọrin. Bí ohùn obìnrin bá ti lọ sókè gan-an, fáwẹ̀lì gbogbo á máa jọ "a" létí. Bí ohùn èèyàn ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ akọrin. Nínú fídíò 360, ìtumọ̀ sábà máa ń dúró síbì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá sì ti kọjú síbòmíì, kò sí mọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ orin ṣáájú, ojú ìwé kan sí méjì ló sábà máa ń jẹ́ fún eré kúkúrú.

Nípa owó: ẹ ka ìwé tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa, tó bá jẹ́ wákàtí 48 ni wọ́n fún yín láti fi wo eré, kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn kan ń ka á látìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ ibi ìbẹ̀rẹ̀, àwọn míì látìgbà tẹ́ ẹ bá sanwó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n gba orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà láyè, torí ẹ̀tọ́ orin tuntun sábà máa ń ní ààlà. Kẹ́ ẹ sì ṣí líǹkì náà nínú bùráúsà gidi, ẹ má ṣí i látinú Facebook tàbí Instagram: bùráúsà inú wọn kì í sábà jẹ́ kí eré mọ̀ pé ẹ ti yí fóònù. Lórí iPhone, láti iOS 13, Safari á béèrè àyè kí eré tó lè mọ bí fóònù ṣe ń yí. Tẹ́ ẹ bá sọ pé rárá, àwòrán á dúró gbagidi, kò sì ní sọ ìdí fún yín.

Ó ku ohun kékeré kan. Lórí YouTube, ẹ pa Autoplay kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin wọ̀nyí ni kì í parí pẹ̀lú ariwo. Ohùn kan á gùn, á tín-ín-rín, á lọ, ẹ ò ní mọ ìgbà tó tán, inú hẹ́dífóònù lẹ ó sì ti máa gbọ́ èémí akọrin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sí i. Bí Autoplay bá wà ní títàn, ibẹ̀ gan-an ni fídíò míì á ti já wọlé.